Ilé Ọba Tó Jó, Ẹwà Ló Bù Sí I: Ṣé Bẹ́ẹ̀ Náà Ló Rí ní Ìkẹ̀rẹ́?



Ọ̀kan lára àwọn tí mo kọ́ nígbà kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan nínú mùsíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Art Institute. Ọba jókòó lára òpó náà, obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ò kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò náà ò ju èyí lọ: "Prof, òpó rèé. Ilé tó gbé ró ńkọ́?"

Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn tí mo máa ń fún níṣẹ́ àṣetiléwá ló wá ń fún èmi náà níṣẹ́ ṣe báyìí.

Ilé náà wà. Ààfin Ògògà ni, ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, nísàlẹ̀ àpáta Ọlọ́sùnta. Ọba wà níbẹ̀, àwọn ìjòyè ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹjọ́ ń wá síbẹ̀. Tí ẹ bá bi ará ìlú bóyá ààfin náà ṣì wà, yóò wò yín bíi pé ẹ fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ìbéèrè ọmọ yẹn kì í ṣe ìbéèrè yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń bi mí ni pé: ilé tí òpó rẹ̀ wà ní Chicago, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ilé náà yè bọ́ ni, àbí orúkọ rẹ̀ nìkan ló yè bọ́?

Òwe kan wà tí a máa ń fi pa irú ìbéèrè yìí lẹ́nu mọ́: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Wọ́n á pa á fún ẹni tí àjálù bá, láti fi tù ú nínú. Mo fẹ́ fi ààfin Ìkẹ̀rẹ́ dán òwe náà wò lónìí, torí mo rò pé òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n òótọ́ tó ní àdéhùn nínú ni. Àdéhùn yẹn la ti gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ilé tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí òyìnbó bá sọ pé ilé àtijọ́ kan yè bọ́, òkúta ló sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó dúró, iná jó o, ó ṣì dúró, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún kọjá. Ulé ọba nílẹ̀ Èkìtì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ewé gbọ̀dọ̀gì ni wọ́n fi bo orí rẹ̀ kí páànù tó dé. Àgbàlá ló so mọ́ àgbàlá: ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ láàárín, òrùlé da gẹ̀rẹ́ wá sínú láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òjò ń rọ̀ sójú àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká. Etí òrùlé tó da wá sínú yẹn ni òpó máa ń gbé dúró. Ibẹ̀ ni ọba ń jókòó sí tó bá ń gba àlejò. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọnà ń wà, torí ibẹ̀ ni ojú àlejò máa kọ́kọ́ bà lé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí Òjó kọ ìwé kan lórí àwọn ààfin ilẹ̀ Yorùbá ní 1966. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ààfin ṣe gbòòrò tó nílùú, bó ṣe wà láàárín gbùngbùn, àti bí ọjà ọba ṣe máa ń wà níwájú rẹ̀, kó lọ wá ìwé náà kà. Èmi fẹ́ fi nǹkan kan lé e. Ilé ẹrẹ̀ kì í yè nípa dídúró. Àtúnṣe ló ń mú un yè. Òjò ń jẹ ògiri, ikán ń jẹ igi, ewé ń jẹrà. Ẹ bá a tún un ṣe lọ́dọọdún, ó yè nìyẹn. Ẹ pa á tì fún ọdún mélòó kan, ó di ebè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ ààfin jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ìlú láyé àtijọ́. Àdúgbò kan á wá mọ ògiri, òmíràn á wá bo òrùlé. Ní ti ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí iná ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan ni òjò àti ikán ń fi ogún ọdún ṣe. Àwọn tó ni ilé ti mọ bí a ṣe ń tún un kọ́. Ibẹ̀ ni òwe wa ti wá. Ilé ọba jó, ẹwà bù sí i, torí pé ọwọ́ tó kọ́ ọ ṣì wà, yóò sì kọ́ èyí tó dáa jù ú lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn: ọwọ́ tó kọ́ ọ ṣì wà. Òun ni àdéhùn tí mo ní ó wà nínú òwe náà.

Ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ Ìkẹ̀rẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ wá láti Ìsẹ̀. Èfọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ní nǹkan bí 1873 sí 1875, àmọ́ Ìsẹ̀ ló gbé dàgbà tó sì di gbajúmọ̀, lọ́dọ̀ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀. Ẹmẹ̀sẹ̀ ọba ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ jẹ́ láàfin kí iṣẹ́ ọnà tó gbé e ga. Ọba ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ lọ́dọ̀ ọba. Láti nǹkan bí 1910 sí 1914, ó wà nílé Ògògà, ó ń gbẹ́ òpó, ó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́rin! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi pé ẹ ò ráyè parí ìwádìí yín lọ́dún méjì, ẹ gbọ́ o.

Òpó tí ọmọ wa yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ wà lára iṣẹ́ ọdún mẹ́rin yẹn. Mẹ́rin ni irú rẹ̀ tó gbẹ́ fún àgbàlá yẹn, èyí sì ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Ní 1984 ni Art Institute ti Chicago gbà á wọlé. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan àbọ̀ àti díẹ̀, igi kan ṣoṣo ló sì gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kà á bí ìgbà tí à ń ka ewì.

Ọba jókòó sórí àga, adé ìlẹ̀kẹ̀ tó ga ṣóńṣó wà lórí rẹ̀, ẹyẹ bà sórí adé. Ẹni tó bá wò ó fìrí yóò ní ọba ni òpó yìí dá lé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ ọba: kò tó ilẹ̀. Ó fì dirodiro bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àga àgbà. Ẹ wá wo obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, olorì àgbà. Ìnàró ló wà, ó ga ju ọba lọ fíìfíì, ọrùn rẹ̀ gùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn àga ọba. Níwájú, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, Èṣù sì ń fun fèrè, wọn ò ju ọmọ ìka lọ tí ẹ bá fi wọ́n wé àwọn ti òkè.

Ó wá ku ohun tí ẹ ò ní rí nínú fọ́tò. Òpó ni nǹkan yìí. Òrùlé ló wà fún. Tí ẹ bá dá òrùlé padà sórí rẹ̀ lójú inú yín, orí ta ni yóò gbé e? Kì í ṣe orí ọba. Adé ò kan òrùlé rárá. Orí obìnrin ni. Ìyáàfin tó dúró sẹ́yìn yìí ló di àga ọba mú kó má ṣubú, òun náà ló ru ilé. Ọlọ́wẹ̀ ò sọ̀rọ̀, kò kọ ìwé, ṣùgbọ́n ó fi igi sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ àgbàlá yẹn pé ẹni tó ń jọba lẹ rí níwájú, ẹni tó jẹ́ kí ilé ó dúró wà lẹ́yìn rẹ̀. A kúkú mọ̀ pé obìnrin ààfin ló ń gbé adé lé ọba lórí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ẹni tó fi adé dé ọ lórí, ṣé ìwọ lo jù ú lọ?

Ìdí rèé tí mo fi sọ pé ìbéèrè ọmọ yẹn gún régé. Nínú mùsíọ̀mù, èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́, iná mànàmáná ni wọ́n máa ń tàn sí ojú ère, òkè rẹ̀ á wà lófìfo. Ó di ère ọba. Ẹni tó bá wò ó á rí ẹwà, á rí ọgbọ́n ọwọ́, á rí bí Ọlọ́wẹ̀ ṣe fi àyè sílẹ̀ láàárín ẹni kan sí ẹnì kejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí kò ní rí ni ẹrù tí obìnrin náà rù. Ẹ gbé òrùlé kúrò lórí rẹ̀, ẹ ti gba gbólóhùn tó ń sọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mi ò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé àgbàlá Ìkẹ̀rẹ́ lọ sí Chicago. Àmọ́ àwa tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni òrùlé yẹn wà, ó yẹ ká lè sọ ìyókù gbólóhùn náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àjálù.

Ní oṣù Kejì 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìlú Bìní. Iná jó ààfin Ọba, wọ́n kó ère idẹ àti eyín erin lọ, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tó kú sí. Kì í ṣe ìlú tó jìnnà sí ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ìtàn tí wọ́n ń pa láàfin Ìkẹ̀rẹ́ ni pé Ògògà àkọ́kọ́ jẹ́ ọdẹ tó ti apá Bìní wá. Ìdílé Olúkẹ̀rẹ́ ní ìtàn tiwọn nípa ẹni tó kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ Ọlọ́sùnta, mi ò sì ní dá sí ìyẹn lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé láyé ìgbà náà kan náà, òyìnbó kan náà dé Ìkẹ̀rẹ́. Níbẹ̀ kò sí ìbọn, kò sí iná. Ajẹ́lẹ̀ wá kí ọba, ọba gbà á ní àlejò, ọ̀rọ̀ sì parí. Tí a bá fi méjèèjì wéra, a ó ní ààfin Bìní ló kan àjálù, ti Ìkẹ̀rẹ́ yè bọ́.

Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àbẹ̀wò yẹn sára ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni ilẹ̀kùn náà ní, àti àtẹ́rígbà lókè rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti òpó. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àwọn èèyàn gbé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó léjìká wá, ó ká jọ sínú ohun tí wọ́n fi gbé e, àwọn aláàárù rẹ̀ sì ru ẹrù. Òkè àti ìsàlẹ̀ wọn kún fún èèyàn: àwọn ayaba, àwọn ìránṣẹ́, àwọn ará ilé lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ẹ̀yìn àlejò níbí. Ara gbogbo wọn kọ ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n orí wọn yọ kúrò lára pákó, ojú wọn sì yí síta. Wọ́n ń wo ẹni tó ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ni, ẹ má gbàgbé: ẹni tó bá fẹ́ wọlé ló dojú kọ ọ́.

Mo ti ka ohun tí àwọn kan kọ, pé àwòrán bí ìjọba òyìnbó ṣe dé ni. Mi ò gbà. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé ara rẹ̀ tí wọ́n gbé àlejò wá bá, àti ẹni tí wọ́n gbé bí ẹrù wá, ta ni ọ̀gá nínú wọn? Ọlọ́wẹ̀ ò fi òyìnbó ṣe ẹlẹ́yà, kò sì bú u. Ó kàn fi í sí àyè tó yẹ àlejò ni. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wọ ààfin á mọ̀ pé ẹjọ́ lèyí, Ọlọ́wẹ̀ sì ti dá a. Ní ọdún tó parí iṣẹ́ náà, 1914, Lugard ń so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, orílẹ̀-èdè tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé. Lára ilẹ̀kùn Ìkẹ̀rẹ́ ní tirẹ̀, ọba ṣì ni onílé.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn náà rin ìrìn àjò. Ní 1924 wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá fún gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn Ògògà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ohun tó kù láti Nàìjíríà. Ó jọ wọ́n lójú. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà ò tà á. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣe àga ọba fún òun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbà, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbọ́ èyí máa ń mi orí: "Ẹ wo ọba tó fi iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ gba àga!" Èmi náà ti mi orí rí, nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kábíyèsí báyìí, torí mi ò rò ó dáadáa nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká rò ó bí ọba ṣe rò ó. Ó kọ owó: ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọba kì í ṣe ọjà. Àga ló béèrè, ìyẹn ohun tó jẹ́ pé ọba nìkan ló ń jókòó lé irú rẹ̀. Ọba sí ọba ló fi ṣe é. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ní 1924, Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìsẹ̀ ò jìnnà sí Ìkẹ̀rẹ́. Ẹni tó mọ ojúlé agbẹ́gilére kì í sunkún ilẹ̀kùn. Lójú Ògògà, ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló sì máa bù sí i. Òwe náà tọ̀nà fún un, torí àdéhùn rẹ̀ ṣì pé.

Àdéhùn ọ̀hún já ní 1938, ọdún tí Ọlọ́wẹ̀ kú.

Ibi tí mo ń lọ láti àárọ̀ nìyí. À ń wá àjálù ààfin Ìkẹ̀rẹ́ nínú iná, nínú ogun, nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé ilẹ̀kùn lọ. Kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ tó lè gbẹ́ òmíràn wọ ilẹ̀ lọ, tí kò sí ọwọ́ mìíràn tó gbà á, ọjọ́ yẹn ni àjálù dé. Títí di ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tó bá kúrò nílé náà lè padà wá nípa pé a tún un gbẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì bá a ṣiṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí páànù rọ́pò ewé, tí sìmẹ́ǹtì rọ́pò ẹrẹ̀, òpó sìmẹ́ǹtì ò bi ẹnikẹ́ni léèrè agbẹ́gilére. Kò sí ẹni tó lé wọn. Iṣẹ́ ló tán lọ́wọ́ wọn.

Ẹnì kan á ní, "Prof, ẹ ò ṣe sọ ti olè? Ẹ ò ṣe ní kí wọ́n dá ilẹ̀kùn wa padà?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá 2022, Jámánì dá díẹ̀ nínú àwọn ère Bìní padà ní Àbújá, inú wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ọ̀rọ̀ Bìní rọrùn láti sọ nítorí pé ìbọn wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn Ìkẹ̀rẹ́ ò sí nínú orúkọ àwọn ohun tí wọ́n jí kó, a ò sì gbọ́dọ̀ purọ́ fi í síbẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1963 ò fi bẹ́ẹ̀ fún British Museum láyè láti yọ̀ǹda ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ wù wọ́n. A lè béèrè pé kí wọ́n yá wa fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn ọmọ Ìkẹ̀rẹ́ fojú rí i. Èmi á kọ́kọ́ tò sórí ìlà. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n gbé e dé lọ́la, wọ́n tún un so mọ́ ẹnu ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo la rí gbà padà. A ò tíì rí ọwọ́ tó ṣe é gbà.

Ẹlòmíràn á ní ìwé ìjọba ló máa gbà wá, ká kéde àwọn ilé wọ̀nyí ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Mo rántí Ìlọ́jọ̀ Bar ní Èkó, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba kéde ní 1956. Ìwé wà, orúkọ wà. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé dáa, mi ò bá ìwé jà, ìwé ni mo fi jẹun. Àmọ́ ìwé ò lè di àga ọba mú láti ẹ̀yìn.

Kí ló wá lè dì í mú? Àríwá Èkìtì ti fún wa lésì, tí a bá fẹ́ gbọ́. Láyé Ọlọ́wẹ̀ náà ni Arówóogun wà ní Ọ̀sì, òun náà ń gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gbẹ́ òpó. Nígbà tó yá, láàárín 1947 sí 1954, Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Bándélé ọmọ Arówóogun ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbẹ́ àga bíṣọ́ọ̀bù. Lámídì wá dé Yunifásítì Ifẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, kó tó kú ní 2009. Ẹ lè jiyàn, àwọn kan sì ń jiyàn títí di òní, pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì ò ní agbára tí ti ààfin ní. Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n okùn ò já. Ilé yẹn jó, ẹwà sì bù sí i, torí ọwọ́ fà lé ọwọ́. Ìyàtọ̀ Ọ̀sì sí Ìsẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn Ọlọ́wẹ̀ ò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹnì kan wá iṣẹ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ níbì kan, kò sẹ́ni tó wá a níbì kejì.

Ẹ rántí pé Ọba Eweka Kejì, tó gorí ìtẹ́ Bìní ní 1914, agbẹ́gilére ni òun fúnra rẹ̀. Ilé tó jó yẹn ló wọ̀, ó tún un kọ́, ó sì pe àwọn oníṣẹ́ ọnà padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń rọ idẹ ní Igun títí di òní. Ààfin tí a ní ó kan àjálù mú ọwọ́ rẹ̀ dání, ààfin tí a ní ó yè bọ́ ni ọwọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń yí nínú mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún ọmọ mi tó wà ní Chicago rèé. Ilé náà wà. Ó yè bọ́ bí ilé ẹrẹ̀ ṣe ń yè bọ́: wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń gbé inú rẹ̀, kò di ebè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nítorí òpó kan lọ, ààfin ti kú. Àmọ́ òwe tí a fi ń tu ara wa nínú ò ṣiṣẹ́ mọ́ níbẹ̀, títí a ó fi mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ.

Kì í ṣe ohun tó kọjá agbára wa. Yunifásítì wà ní Ìkẹ̀rẹ́ báyìí. Àwòrán ilẹ̀kùn náà àti ti òpó náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ní 1998, Roslyn Walker kó iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ jọ fún ìpàtẹ kan ní Washington, ó sì kọ odindi ìwé lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé ní Ìkẹ̀rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré mọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kí ìlú wá igi ìrókò kan, kí wọ́n wá ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ní ọwọ́ ọ̀nà, kí wọ́n fún wọn ní ọdún mẹ́rin bíi ti Ọlọ́wẹ̀, kí wọ́n máa bọ́ wọn bí ọba ṣe bọ́ ọ. Kí wọ́n má da ilẹ̀kùn 1914 kọ o. Ẹ̀dà ò wúlò fún wa. Kí wọ́n gbẹ́ àlejò tó ń wá lónìí. Ta ni wọ́n á gbé léjìká, ta ni yóò jókòó, ta ni yóò dúró lẹ́yìn àga? Mo fẹ́ rí i kí n tó lọ.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá tún dé iwájú òpó yẹn, ẹ gbójú sókè díẹ̀, ẹ wo òfìfo tó wà lórí olorì. Ibẹ̀ ni Ìkẹ̀rẹ́ wà.

Ire o.